Aṣọ Tí Àlejò Kì Í Rí

Láti kékeré ni ìbéèrè ti ń pọ̀ lẹ́nu Makvala. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń sáré kiri inú oko àjàrà, òun a lọ lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlagbà kan, a ní, "Èéṣe?" Èéṣe tí adìẹ fi ń dúró lórí ẹsẹ̀ kan? Èéṣe tí wọ́n fi ń ri ìkòkò wáìnì mọ́lẹ̀ bí ẹni sìnkú? Kò pẹ́ tí gbogbo abúlé fi sọ ọ́ ní Èéṣe. Títí di òní tí irun orí rẹ̀ ti funfun, bí o bá dé abúlé wọn nísàlẹ̀ ìlú Telavi nílẹ̀ Jọ́jíà, tó o ní Makvala lò ń wá, wọ́n lè máa wò ọ́ duu. Ṣùgbọ́n sọ pé Èéṣe aláró, ọmọ ọdún mẹ́ta á mú ọ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Nínú gbogbo ìbéèrè wọ̀nyẹn, ọ̀kan wà tí kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tó kọ́kọ́ bi í. Ambrosi bàbá rẹ̀ ni tamada abúlé, ìyẹn ẹni tí wọ́n ń fi jẹ olórí nídìí àsè, tó ń darí ìwúre, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ife kan ẹnu àfi tó bá sọ̀rọ̀ tán. Lọ́jọ́ kan tó ń múra àtilọ síbi ìgbéyàwó, ọmọbìnrin yìí di ẹ̀wù rẹ̀ mú.

"Bàbá, kí ló dé tá a fi ń pe àsè ní supra? Ṣebí aṣọ orí tábìlì ló ń jẹ́ supra?"

"Aṣọ náà ni," Ambrosi dá a lóhùn. "Òun ló ń kọ́kọ́ dé ìdí àsè. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni orúkọ."

"Tábìlì wá ńkọ́? Ṣé tábìlì ò ṣáájú aṣọ ni?"

Ambrosi wo ọmọ rẹ̀ lókè, ó wò ó nílẹ̀. "Lọ pọnmi wá," ló wí.

Ọ̀rọ̀ náà sì tó béèrè o. Àwa Yorùbá ń pe tiwa ní àsè torí pé a sè é. A tún ń pè é ní ìnáwó torí pé owó la ná, ó parí. Ṣùgbọ́n kí èèyàn pa màlúù, kó pa tòlótòló, kó ṣí ìkòkò wáìnì tó ti wà nínú ilẹ̀ láti ọdún tó kọjá, kí ọgọ́rùn-ún èèyàn jẹ, kí wọ́n mu, kí wọ́n kọrin títí ohùn á fi há, kó wá kó gbogbo rẹ̀, kó fi orúkọ aṣọ tó wà lábẹ́ abọ́ pè é! Ohun tó tún mú kí ọ̀rọ̀ náà rú Makvala lójú ni pé aṣọ yẹn gan-an ni ẹnikẹ́ni kì í rí. Lọ́dọ̀ àwọn ará Jọ́jíà tí mò ń sọ yìí, lẹ́bàá òkè Caucasus, wọn kì í kó abọ́ kúrò nílẹ̀ kí àsè tó parí. Abọ́ ń gun abọ́ ni. Etí abọ́ ẹran á wà lórí etí abọ́ ẹ̀fọ́, búrẹ́dì oníwàràkàṣì á tún gun méjèèjì, títí tábìlì ò fi ní í ní àlàfo. Bí àlejò bá fi lè tajú kán rí aṣọ, ẹ̀tẹ́ ni fún onílé.

Makvala béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ ilé ìwé, ìyẹn ní kò sí nínú ìdánwò. Ó béèrè lọ́wọ́ ọ̀mùtí kan ní àdúgbò, ìyẹn ní, "Ọmọ mi, lẹ́yìn ife ogún, èmi àti aṣọ náà la máa ń jọ sùn. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó tọ́ kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é."

Nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún, Omari gbé e níyàwó. Àfi bí ẹni pé Ọlọ́run fẹ́ fi í ṣeré, ilé tí wọ́n ti ń ṣe supra gan-an ló bọ́ sí. Elpite ìyá ọkọ rẹ̀ ni aláró agbègbè náà. Igi tí wọ́n gbẹ́ bí ẹja, bí àgbọ̀nrín, bí ọ̀bẹ àti ṣíbí ló fi ń tẹ ìda oyin gbígbóná sára aṣọ funfun. Á wá ri aṣọ bọ inú ìkòkò aró. Ibi tí ìda bá wà kò ní í mu aró, tó bá sì fi omi gbígbóná yọ ìda náà, ẹja funfun á yọjú bí ìgbà tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ odò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Makvala rí i, ó pàtẹ́wọ́.

Ẹnu Elpite mú ju abẹ lọ, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í dilẹ̀. Ìyàwó tuntun ò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan nídìí aró tó fi gbé ìbéèrè rẹ̀ jáde.

"Màmá, kí ló dé tá a fi ń pe àsè ní supra?"

"Torí pé àwọn ọkùnrin á jẹ, wọ́n á mu, wọ́n á kọrin, wọ́n á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lọ sílé," Elpite wí. "Aṣọ ló máa kù, obìnrin ló sì máa fọ̀ ọ́. Ohun tó bá ṣẹ́ kù là ń fi orúkọ rẹ̀ pe nǹkan. Ro aró yẹn, kó má sùn."

Èsì yìí tẹ́ Makvala lọ́rùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí pé òun ló ń fọṣọ.

Aṣọ ńlá kan wà nínú àpótí ilé náà. Ìyá ọkọ Elpite ló rẹ ẹ́ láró, Elpite fúnra rẹ̀ ló rán ìṣẹ́tí rẹ̀ nígbà tó wà ní omidan àfẹ́sọ́nà. Gígùn rẹ̀ tó ogún ìgbésẹ̀. Ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹja méjì méjì ló fẹnu kora níbẹ̀. Kò sí ìgbéyàwó, kò sí ìsàmì, kò sí òkú kan lábúlé náà tí wọn ò ní í wá yá a. Elpite a sì máa wí fún gbogbo ẹni tó bá wá yá a pé, "Níbi àsè ìsìnkú mi, òun lẹ máa tẹ́. Ẹni tó bá bà á jẹ́, ẹni yòówù kó jẹ́, kó má dé ìdí pósí mi." Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Elpite ò ní í bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọdún 1994 wá dé. N kò ní í sọ púpọ̀ nípa ọdún yẹn. Ẹni tó bá là á kọjá kò fẹ́ gbọ́, ẹni tí kò sí níbẹ̀ kò ní í gbà gbọ́. Iná ò sí, gáàsì ò sí, èèyàn ń tò fún búrẹ́dì láti ìdájí. Tsisana, ọmọ kan ṣoṣo tí Makvala bí, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ní òun ti rí ìyá arúgbó kan tóun máa lọ máa tọ́jú ní Thessaloniki, nílẹ̀ àwọn Gíríìkì. Bọ́ọ̀sì máa gbéra lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé.

"A kì í rán ọmọ lọ sọ́nà jíjìn láìtẹ́ supra fún un," Elpite wí. "Ẹni tí a ò tẹ́ supra fún, ṣe la lé e jáde."

"Kí la fẹ́ tẹ́, Màmá? Búrẹ́dì kan ló kù nílé, àti wàràkàṣì tí kò kún àtẹ́lẹwọ́."

Elpite mú ìborùn dúdú rẹ̀, ó gba inú oko àjàrà lọ, torí pé ojú ń tì í láti dágbére fún ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ òfo.

Makvala dá dúró nínú ilé. Ó ṣí àpótí, ó fa igun aṣọ ńlá náà jáde sórí tábìlì, ó gbé búrẹ́dì náà lé e. Búrẹ́dì náà kéré níbẹ̀ débi pé ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ó gbé e kúrò, ó tún gbé e padà. Ìgbà tó yá, ó na ọwọ́ sí sísọ́ọ̀sì. Ó gé igun náà tòun ti ẹja méjèèjì, ó kó búrẹ́dì àti wàràkàṣì náà sí i, ó fi churchkhela méjì lé e, èso igi líle tí wọ́n sin sókùn tí wọ́n sì rì bọ omi àjàrà tó ki, ó sì dì í.

"Supra rẹ rèé," ó wí fún Tsisana lẹ́bàá bọ́ọ̀sì. "Má jẹ̀ẹ́ kí ìyá àgbà rẹ mọ̀ láéláé."

Tsisana wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rí ẹja, ó lanu. Bọ́ọ̀sì ti ń lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti wọ inú ilé bá Makvala gbé. Bí ìyá ọkọ rẹ̀ bá mọ̀, kì í ṣe ìbínú ọjọ́ kan. Wọ́n á sin obìnrin náà, òun á sì dúró lẹ́yìn ọgbà bí àlejò tí wọn ò pè. Ohun tó ń ṣe ni pé bí ẹnikẹ́ni bá wá yá aṣọ, òun fúnra rẹ̀ á bá aṣọ lọ. Òun á tẹ́ ẹ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Òun á gbé abọ́ tòlótòló tó tóbi jù lọ lé igun náà, á wá fi abọ́ mìíràn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí àsè bá tú, òun á ká aṣọ jọ, òun á fọ̀ ọ́, òun á dá a padà sápótí. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣe èyí. Àwọn obìnrin abúlé a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Èéṣe, èéṣe tí igun yẹn fi wù ọ́ tó báyìí?" Òun a ní ibẹ̀ lafẹ́fẹ́ ń gbà wọlé.

Àsìkò yẹn ló wá rí ìwúlò àṣà tó ti ń béèrè ìdí rẹ̀ láti kékeré. Aṣọ tí àlejò kì í rí! Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo àwọn baba ńlá tó ronú kan abọ́ tí ń gun abọ́.

Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòtítọ́ ń bá a. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2003, lẹ́yìn ìkórè àjàrà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Rusudan wá láti Tbilisi, olú ìlú wọn. Tíṣà ni, ó ń kọ ìwé nípa bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ṣẹ̀, ó sì ti gbọ́ ìròyìn aṣọ Elpite. Nígbà tí Makvala gbọ́ irú iṣẹ́ tó ń ṣe, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún láti máa béèrè èéṣe!

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń wá yín. Kí ló dé tá a fi ń pe àsè ní supra?"

Rusudan rẹ́rìn-ín. "Màá sọ fún yín, mo ní in lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí aṣọ yẹn. Ẹ bá mi tẹ́ ẹ sórí koríko, nínú oòrùn, láìsí nǹkan kan lórí rẹ̀. Mo fẹ́ ya gbogbo rẹ̀ ní fọ́tò."

Inú Makvala tó ti ń dùn wá bà jẹ́ pátá. Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Ó ní aṣọ náà ò tíì gbẹ. Ó ní àwọn kan ti yá a. Ó ní òun rò pé eku ti wọ àpótí. Elpite, ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún, tó jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi lẹ́yìnkùlé, tójú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì ṣùgbọ́n tétí rẹ̀ gbọ́ ketekete, ké sí i.

"Èwo ló wá jẹ́ òótọ́ níbẹ̀? Ó tutù, wọ́n yá a, àbí eku jẹ ẹ́? Àlejò, Ọlọ́run ló rán an. Tẹ́ ẹ!"

Makvala tẹ́ ẹ. Ó sáré gbé agbọ̀n àjàrà kan lé igun náà, bí ẹni pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Rusudan ya fọ́tò tibí, ó ya tọ̀hún, ó dé ìdí agbọ̀n.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé eléyìí."

"Ó wúwo, Tíṣà."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín fà á."

Ó fà á. Rusudan, aláìmọ̀kan, fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́: "Áà, ẹnì kan ti gé ibí yìí."

Elpite dìde. Ó fi ọ̀pá wá ọ̀nà dé ibẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó wá ìṣẹ́tí tó rán nígbà omidan, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e lọ díẹ̀díẹ̀, títí ìka fi dé ibi tí ìṣẹ́tí tán. Ìka náà dúró.

"Ta ni?"

"Èmi ni, Màmá." Makvala ti wà lórí eékún. "Èmi ni. Lọ́jọ́ tí Tsisana ń lọ. Ẹ̀yin lẹ ní kó má lọ láìsí supra. Mi ò sì lè tẹ́ ogún ìgbésẹ̀ fún búrẹ́dì kan. Mo gé ìwọ̀n tí búrẹ́dì náà lè kún, mo fi dì í fún un."

Elpite ń fi ìka pa etí ibi tí wọ́n gé náà lọ bọ̀, lọ bọ̀. Makvala ní òun ìbá fẹ́ràn kó bú òun. Rusudan ti há sáàárín wọn, kò mọ ibi tó máa wò, ló bá ṣe ohun tí àwọn tíṣà ń ṣe bí ẹ̀rù bá bà wọ́n: ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́.

"Ọ̀rọ̀ yẹn," ó wí, "supra, kì í ṣe tiwa látilẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Páṣíà la ti gbà á, àwọn yẹn náà sì gbà á lọ́wọ́ àwọn Lárúbáwá. Ní ọ̀dọ̀ Lárúbáwá, àtètèkọ́ṣe rẹ̀, kì í ṣe àsè, kì í ṣe aṣọ tábìlì. Oúnjẹ tí wọ́n ń dì fún ẹni tó ń rìnrìn àjò ni. Nígbà tó yá ni wọ́n fi ń pe awọ tí wọ́n fi dì í. Arìnrìn àjò á tú u sílẹ̀, á jẹun lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti di ohun tá à ń tẹ́ fún oúnjẹ. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, a fẹ̀ ẹ́, a fẹ̀ ẹ́, ó bo tábìlì, ó sì gbé tábìlì àti àlejò àti wáìnì mì pátá."

Makvala gbọ́ èsì tó ti ń wá láti àádọ́ta ọdún, kò sì lè yọ̀ sí i. Ojú Elpite ló ń wò.

"Ìwọ Tíṣà," Elpite wí níkẹyìn, "ti àkọ́kọ́ yẹn, báwo ló ṣe tóbi tó?"

"Ìwọ̀n tó lè di búrẹ́dì ni, Màmá. Ti ẹnì kan."

"Èyí tó o gé ńkọ́, Makvala?"

Makvala fi apá méjèèjì wọ̀n ọ́n. Elpite fọwọ́ kan apá náà, ó mọ ibi tó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí.

"O fi wáìnì sí i?"

"Wáìnì ò sí, Màmá."

"Ó di supra fún ọmọ láìsí wáìnì," Elpite wí fún Rusudan. "Ẹ rí irú èèyàn tí ọmọ mi fi ṣaya. Ẹ pe ọmọ yẹn fún mi."

Ọjọ́rú ni, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan ni Tsisana máa ń pè. Kò tíì padà wálé láti ọdún mẹ́sàn-án; ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò pé, bó bá jáde kúrò lọ́hùn-ún, kò ní í lè wọlé padà. Wọ́n wọlé, wọ́n kó orí jọ sídìí tẹlifóònù. Bí Tsisana ṣe gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, ó lọgun.

"Ta ló kú?"

Elpite já tẹlifóònù gbà. "Kò sẹ́ni tó kú. Aṣọ mi dà?"

Ṣíbí dún lórí abọ́ lọ́hùn-ún.

"Ó wà lábẹ́ abọ́ mi, ìyá àgbà," Tsisana wí. "Oúnjẹ ọ̀sán ni mò ń jẹ lórí rẹ̀ báyìí. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń tẹ́ ẹ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ lánàá ni. Ẹ má bínú sí Màmá."

"Ta ló bá ọ jókòó?"

"Èmi nìkan ni. Ìyá arúgbó ti jẹun, ó ń sùn."

"Abọ́ mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Ẹyọ kan. Inú mi tiẹ̀ máa ń dùn sí i. Nílé, n kò rí ẹja yẹn rí, abọ́ máa ń bò ó. Níbí, méjèèjì ni mò ń rí, látorí dé ìrù."

Makvala fi ọwọ́ bo ẹnu. Elpite gbé ohùn sókè, gbogbo abúlé gbọ́.

"Ó ń rí ẹja! Ọmọ Omari ń jẹun, ó ń rí aṣọ! Ojú ò tì ọ́? Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn? Bò ó!"

"Kí ni n ó fi bò ó, ìyá àgbà, èmi nìkan ṣoṣo?"

"Àwa wá ńkọ́? Àwa ò jẹun ni? Dìde. Gbé abọ́ tèmi wá."

Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń lọ nínú ilé kan ní Thessaloniki, wọ́n gbọ́ tí kọ́bọ́ọ̀dù ṣí. Abọ́ dún kọ̀.

"Gbé ti bàbá rẹ. Ó ti dé láti oko, ebi ń pa á."

Kọ̀.

"Gbé ti ìyá rẹ tó gé aṣọ aláṣọ. Èyí tó tóbi ni kó o gbé fún un. Àlejò kan wà lọ́dọ̀ wa láti Tbilisi, tíṣà ni, gbé tiẹ̀ náà."

Kọ̀, kọ̀. Tsisana ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín, wọn ò mọ èyí tó pọ̀ jù. Elpite dúró, ó ti etí mọ́ tẹlifóònù.

"Ẹja ńkọ́?"

"Ó ku ìrù kan, ìyá àgbà."

"Fi búrẹ́dì lé e."

Wọ́n gbọ́ ìró ọ̀bẹ tó ń gé búrẹ́dì.

"N kò rí wọn mọ́," Tsisana wí.

"Ó tó," Elpite wí. "Jókòó, ká jẹun."